Omi Tó Yọ Lẹ́yìn Ilé Aránṣọ

Ọjọ́ tí Aránṣọ kọ́kọ́ rí omi náà, ó rò pé oorun ni kò tíì dá lójú òun. Ó kó aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ó fẹ́ lọ sá wọn sórí okùn, àfi bí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣe rì wọ ilẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Sálúbàtà rẹ̀ há sínú ẹrọ̀fọ̀. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí adìẹ tó dé ìlú tuntun, ó ń wo ilẹ̀ àgbàlá tó ti ń gbá láràárọ̀ látìgbà tí wọ́n ti gbé e wọlé, ilẹ̀ tó le bí òkúta, tí ọkọ́ ò ràn. Omi ló ń sun níbẹ̀ yìí. Kì í ṣe omi ìdọ̀tí, kì í ṣe omi tí ẹnì kan dà nù. Ó mọ́, ó tutù, ó ń rọra yọ jáde lẹ́sẹ̀ ògiri bí òógùn ṣe ń yọ níwájú orí èèyàn.

Ẹ̀ẹ̀rùn sì ti mú dójú ẹ̀ nígbà náà. Koríko ẹ̀bá ọ̀nà ti gbẹ débi pé bí ewúrẹ́ bá ń jẹ ẹ́, bí ìgbà tí ẹnì kan ń ya bébà ni èèyàn á máa gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó rántí ọjọ́ tí òjò rọ̀ gbẹ̀yìn. Níbo wá ni omi ti wá?

Ó gbé ojú sókè wo ògiri níbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń to àwọn páìpù tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ sí. Kò sí páìpù kankan níbẹ̀ mọ́.

Ká tó máa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ omi ṣe jẹ́ lábúlé náà. Tẹ́lẹ̀, òjò ni wọ́n fi ń dáko. Bí òjò bá ti ká ẹsẹ̀ nílẹ̀, gbogbo wọn á ká ọwọ́ lẹ́rán, àwọn tí agbára ṣì wà lára wọn á sì gba ìlú ńlá lọ láti lọ máa ru ẹrù fún ẹlẹ́rù. Odò kan wà lókè tí kì í gbẹ, ṣùgbọ́n òkè ló wà, ìsàlẹ̀ ni abúlé wà, wọ́n kàn ń wo ara wọn ni. Obìnrin àgbàlagbà kan ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀bí ló ń ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló gbẹ̀bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rìn kiri lábúlé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Àgbẹ̀bí, tí kò sì sí ẹni tó lè gbójú sókè bá a jiyàn.

Ó ní, “Látìgbà tí mo ti ń fa ẹ̀yin wọ̀nyí jáde, odò yẹn ò gbẹ rí. Tí kò bá lè wá bá wa, kí ló ní ká má lọ mú un wá?”

Bí wọ́n ṣe kó ọkọ́ àti ṣọ́bìrì nìyẹn, tọkùnrin tobìnrin. Wọn ò dúró de ẹnikẹ́ni láti ìta. Wọ́n gbẹ́ kòtò láti odò títí dé oko, ó ń lọ́ bí ejò tó jẹun yó. Ọkọ Aránṣọ, tó jẹ́ bíríkìlà, ló fi òkúta àti sìmẹ́ǹtì dí odò lókè, òun náà ló ṣe ilẹ̀kùn omi, irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n máa ń gbé sókè kí omi tó wọ kòtò, tó ní àgádágodo. Wọ́n fẹnu kò pé oko kọ̀ọ̀kan á ní àsìkò tirẹ̀, pé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Aránṣọ ni wọ́n yàn. Ilé rẹ̀ wà ní ìgbọ̀nwọ́ kòtò, níbi tó ti ṣẹ́ kó tó dorí kọ oko, ilẹ̀kùn omi ò sì jìnnà sí i. Iwájú fèrèsé ló máa ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kò sí ohun tó ń kọjá tí kò rí. Wọ́n tún mọ̀ pé kì í ṣègbè. Ẹni tó bá gé aṣọ ẹlòmíràn láìgé e kúrú lọ́pọ̀ ọdún, Ìyá Àgbẹ̀bí ní, ẹ lè gbé omi lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ dùn. Tòmátò pọ́n nígbà tí kò sí tòmátò níbì kankan, àwọn ọlọ́jà ń fi ọkọ̀ wá a wá. Àwọn kan tó ti lọ sílùú ńlá padà wálé. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀ẹ̀rùn kejì yìí, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni. Omi ń wọ kòtò bó ṣe ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, kò sì dé òpin mọ́. Oko tó wà lópin kòtò, ti ẹ̀gbọ́n ọkọ Aránṣọ ni. Aláròyé ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, nítorí pé bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọ káàárọ̀, ọ̀sán á ti pọ́n kó tó kí ọ tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Aránṣọ fi bá omi lẹ́yìn ilé ara rẹ̀.

Ó rántí ohun tí Bíríkìlà sọ fún un nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ẹ, tó rí i tó ń ru omi láti odò, tí ọrùn rẹ̀ ń dùn ún. Ó ní, “Má ṣèyọnu. Lọ́jọ́ kan wàá kàn jí ni, wàá bá omi lẹ́yìn ilé rẹ.” Ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà tipẹ́, ó kà á mọ́ ohun tí ọkùnrin máa ń sọ. Ìlú mìíràn ni Bíríkìlà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Ó wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó lọ tán, páìpù ò sí mọ́, omi dé.

“Yéè,” ló sọ jẹ́ẹ́jẹ́. “Bàbá wọn, kí lẹ ṣe yìí?”

Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò mọ èyí tí yóò gbà láàyè jókòó. Ọkọ wo ló ń ṣe irú èyí fún ìyàwó? Ọkọ wo ló sì ń jí omi gbogbo abúlé, tó wá jẹ́ pé ìyàwó ẹ̀ ló ń ṣọ́ omi? Ó kó iyanrìn bo ibẹ̀. Omi mu iyanrìn. Ó kó ewé gbígbẹ lé e, ewé rà. Nígbà tó yá, ó kọ ebè kéékèèké, ó gbin ẹ̀fọ́ sí i, pé bí ẹnikẹ́ni bá bi òun, òun á ní omi tí òun fi fọ aṣọ ni òun ń dà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ náà ò mọ̀ pé nǹkan àṣírí ni òun. Ó dàgbà, ó fẹ̀, ó ń dán, ó ga ju ẹ̀fọ́ ẹnikẹ́ni lọ. Bí Aránṣọ ṣe ń já a láti dín in kù, bẹ́ẹ̀ ló ń yọ ẹ̀ka sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Aláròyé wá gba ṣòkòtò tó ní kó bá òun fún nídìí. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ẹ̀rọ ìránṣọ, ó nu ojú.

“Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ rí ṣòkòtò yìí? Kì í ṣe pé ó fẹ̀ jù tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo rù. Èèyàn tí àlùbọ́sà ẹ̀ ń kú lójú ẹ̀, ṣé ó yẹ kó sanra?”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Omi ò tíì dé síbẹ̀?”

“Ó dé kẹ̀? Wọ́n ní omi tí èèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni. Tèmi ò ṣàn kọjá mi lóòótọ́, torí kò tilẹ̀ ṣàn dé! Mo dúró létí kòtò láàárọ̀ yìí, mo ń wo ọ̀kánkán bí ẹni ń retí àlejò. Omi kékeré kan yọjú, ó rí mi, ó padà.”

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ gún un níka. Ó ṣí ilẹ̀kùn omi dáadáa, òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ó fún oko ìsàlẹ̀ ní àsìkò tiẹ̀ kò yẹ̀. Kí ló kù tó lè sọ?

Aláròyé ní, “Èmi ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni o. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnì kan ń mu omi mi.” Ó dìde. “Jẹ́ kí n gba ẹ̀yìn yìí lọ, ọ̀nà ibẹ̀ yá.”

“Ẹ̀yìn kẹ̀!” Aránṣọ fò dìde bíi pé àga gbiná. “Rárá, ẹ gba iwájú, sà. Adìẹ… adìẹ pamọ sí ẹ̀yìn.”

“Adìẹ tó pamọ ló máa wá lé èmi àgbàlagbà?”

“Ó le gan-an ni, sà. Àná ló ṣá èmi fúnra mi jẹ.”

Aláròyé wò ó lójú, ó wo ìka rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó mi orí. Ó gba iwájú lọ. Nígbà tó lọ tán, Aránṣọ rántí pé òun ò ní adìẹ.

Bíríkìlà wálé ní òpin ọ̀sẹ̀. Aránṣọ ti pinnu pé òun á bi í ní gbangba, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i tó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, tí sìmẹ́ǹtì ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ẹnu rẹ̀ wúwo. Bó bá bi í, yóò di dandan kí òun mọ̀. Bó bá sì ti mọ̀, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ò lè mọ̀ kó dákẹ́.

Ó rí i tó lọ sẹ́yìn ilé. Ó rí i tó dúró ti ẹ̀fọ́ náà, tó wò ó, tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tútù, tó sì gbójú kúrò. Nígbà tó wọlé, ó jókòó ti oúnjẹ. Ó wá ní:

“Ẹ̀fọ́ yẹn dára.”

“Ó dára,” Aránṣọ dáhùn.

“Ṣé o ń bomi rin ín?”

“Ẹ ò rí i ni?” Ó ń wo ojú ọkọ rẹ̀ bóyá yóò rẹ́rìn-ín, bóyá yóò ṣẹ́jú sí i. Kò ṣe ọ̀kankan. “Páìpù yín dà?” ló béèrè nígbẹ̀yìn.

Bíríkìlà gbé abọ́ sílẹ̀. “Má dààmú. Mo ti kó wọn kúrò. Kò sẹ́ni tó máa rí wọn.”

Òótọ́ wá ni, Aránṣọ rò ó lọ́kàn. Ọkọ rẹ̀ nawọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ohun tí kì í sábà ṣe lórí oúnjẹ.

Ó ní, “Ìyá wọn, gbọ́. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, èmi ni mo wà níwájú, ìwọ wà lẹ́yìn mi. Ṣó yé ọ?”

Kò yé e. Kí ló fi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dárí jì í? Àbí ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀? Ó ní ó yé òun.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ìyá Àgbẹ̀bí pe gbogbo àgbẹ̀ jọ létí kòtò láàárọ̀. Bíríkìlà ò tíì padà síbi iṣẹ́, ó wà níbẹ̀. Ìyá Àgbẹ̀bí gbé ike kan dání, búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun ló kún inú rẹ̀.

“Omi ń wọlé lókè,” ó ní, “kò sì jáde nísàlẹ̀. Ikùn tó bá gba nǹkan wọlé, ó gbọ́dọ̀ gba ibì kan jáde. Ẹ jẹ́ ká pa omi yìí láró, ká tú ká, kí oníkálukú máa wo ilẹ̀ níbi tó bá wà. Ibi tí aró bá ti yọ, ibẹ̀ ni omi ń lọ.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ọgbọ́n wà lórí àgbà. Aránṣọ ò lè pàtẹ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí àgádágodo, ó gbé irin sókè. Omi wọ kòtò, Ìyá Àgbẹ̀bí da búlúù sí i, gbogbo rẹ̀ ń lọ bí ọ̀já aláró tí ẹnì kan ń tú sílẹ̀. Aránṣọ wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó. Ojú àwọn méjèèjì pàdé, ẹ̀rù wà nínú ti ọkọ, ẹ̀rù wà nínú ti ìyàwó, àwọn méjèèjì sì yára gbójú sá.

Wọ́n dúró pẹ́. Aró náà dé ìgbọ̀nwọ́, ó kọjá, ó tín-ín-rín, ó ń lọ sísàlẹ̀ bí okùn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé oòrùn ń mú. Aláròyé ní òun fẹ́ tọ̀, ó gba ẹ̀yìn ilé Aránṣọ lọ.

“Ẹ wá o!” Gbogbo abúlé gbọ́ igbe rẹ̀. “Ẹ sáré wá! Ẹ wá wo ohun tójú mi rí! Ẹ̀fọ́ ń wẹ̀ nínú aró!”

Wọ́n ya lọ síbẹ̀. Lóòótọ́ ni. Ẹsẹ̀ ògiri ti di búlúù, omi aró ń gba àárín ebè kọjá, ìdí ẹ̀fọ́ kọ̀ọ̀kan dúdú bí ẹsẹ̀ ẹni tó wọ kòtò aró. Aláròyé yíjú sí àbúrò rẹ̀, gbogbo àwàdà ti lọ lẹ́nu rẹ̀.

“Ọmọ ìyá mi,” ló sọ. “Ọmọ ìyá mi tí a jọ mu ọmú kan náà?”

Bíríkìlà bọ́ síwájú. “Èmi ni. Ìyàwó mi ò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é, ẹ jẹ́ kó máa lọ.”

Aránṣọ rí ojú àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń yí padà sí ọkọ rẹ̀, ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí odò fún wọn láìgba kọ́bọ̀. Kò mọ ìgbà tó la ẹnu.

“Irọ́ ni o! Èmi ni. Èmi ni mo mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, àbí òun ni? Kì í tilẹ̀ sí nílé. Èmi ni mo jí omi.”

“Dákẹ́!” Bíríkìlà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dákẹ́!”

Ìyá Àgbẹ̀bí gbé ọwọ́ sókè. “Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ jí i?”

“Rárá, èmi nìkan,” ni àwọn méjèèjì sọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, wọ́n sọ fún un pé kó panu mọ́. Ìyá Àgbẹ̀bí jókòó sórí òkúta ìfọṣọ, ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀.

“Ìka tó bá ṣẹ̀ là ń gé, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mọ ìka ọ̀hún. Bíríkìlà, báwo lo ṣe ṣe é?”

“Páìpù ni mo rì mọ́lẹ̀, mà.”

“Láti ibo?”

Bíríkìlà wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. “Láti… lápá ọ̀tún igi máńgòrò yẹn.”

“Máńgòrò tó wà nísàlẹ̀ ilé? Ṣé omi ń gun òkè nílé tìrẹ ni?” Ó yíjú. “Aránṣọ, ìwọ ńkọ́?”

“Ọkọ́ ni mo fi gbẹ́ ẹ, mà. Kò sí páìpù níbẹ̀.”

“Ibo lo ti gbẹ́ ẹ?”

Aránṣọ na ọwọ́ sí ibi tí kò dá òun fúnra rẹ̀ lójú. “Ibẹ̀ yẹn.”

“Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀?”

Báyìí ni ẹ̀rín bú. Aláròyé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó dúró gbagidi, ó ń wo ọkọ, ó ń wo ìyàwó, bí ẹni tí wọ́n ń fi èdè àjèjì bá sọ̀rọ̀. Aránṣọ ti yíjú sí ọkọ rẹ̀. Máńgòrò kẹ̀? Ẹni tó ri páìpù ò mọ ibi tó rì í sí? Bíríkìlà náà ti yíjú sí i, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, iwájú orí rẹ̀ hunjọ.

Ìyá Àgbẹ̀bí ní, “Mo ti gbẹ̀bí fún obìnrin tó ń rọbí, tó ń búra pé òun ò lóyún. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí olè tí kò mọ ibi tí òun gbà wọlé. Ẹ lọ gbé ṣọ́bìrì.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ògiri, wọ́n ń tẹ̀ lé ibi tí ilẹ̀ bá ti di búlúù. Kò sí páìpù. Kò sí ojú ọkọ́ kankan. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ dé abẹ́ ìgbọ̀nwọ́ kòtò, ilẹ̀ kàn jìn lábẹ́ ṣọ́bìrì, kùkùté igi ńlá kan yọjú, igi tí wọ́n ti gé kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó mọ̀ pé igi wà níbẹ̀ rí, tí iyẹ̀pẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀. Ó ti rà bíi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sómi. Ikán ti jẹ inú àwọn gbòǹgbò rẹ̀ tán, èèpo ẹ̀yìn nìkan ló kù, wọ́n ṣófo bí ọ̀pá. Gbòǹgbò kan nínú wọn tóbi tó itan àgbàlagbà, ó gba abẹ́ ilẹ̀ dorí kọ ilé Aránṣọ tààrà. Kòtò tí gbogbo wọn para pọ̀ gbẹ́ ló kọjá lórí rẹ̀ láìmọ̀.

Aláròyé dọ̀bálẹ̀, ó ki apá bọ ihò náà títí dé èjìká. Nígbà tó fà á jáde, ó ti di búlúù dé ìgúnpá.

“Ẹ gbà mí,” ló sọ, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Ikán. Ikán ló jẹ mí lálùbọ́sà.” Ó wá gbójú sókè wo àbúrò rẹ̀. “Kí ló dé tó o wá sọ pé ìwọ ni?”

Ìyàwó rẹ̀ ni Bíríkìlà ń wò.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ì bá rọrùn. Ṣùgbọ́n obìnrin kan láàárín wọn ní, “Ẹ dúró ná. Ó rí omi níbí. Ó gbin ẹ̀fọ́ sí i. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé ìyẹn dáa?” Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Aránṣọ wo ẹ̀fọ́, ó wo ọ̀kánkán níbi tí oko Aláròyé ti pupa lórí ilẹ̀ bí egbò. Òótọ́ ni. Òun ò jalè, àlùbọ́sà ẹlòmíràn sì kú lójú òun. Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn? Ó wá orúkọ rẹ̀ lọ́kàn, kò rí.

Ó na kọ́kọ́rọ́ sí Ìyá Àgbẹ̀bí. “Ẹ gbà á, mà. Mi ò mọ̀ bóyá mo jalè tàbí mi ò jalè.”

Wọ́n jiyàn lórí rẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Àwọn kan ní kó gbé e sílẹ̀, àwọn kan ní ta ló lè ṣe é jù ú lọ. Níkẹyìn, wọ́n fẹnu kò pé láti ọjọ́ náà lọ, kò ní sí ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa ṣọ́ omi mọ́, wọ́n á di méjì, ẹni tó wà lókè àti ẹni tó wà lópin. Aránṣọ àti Aláròyé ni yóò jọ máa ṣí ilẹ̀kùn omi láràárọ̀. Gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá ni Aránṣọ yóò máa gbọ́ ìkíni Aláròyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹnì kan ní ìyà yẹn pọ̀ jù fún ẹ̀fọ́ lásán.

Wọ́n tún fẹnu kò pé gbogbo ibi tí kòtò bá ti ṣẹ́, wọ́n á tẹ́ òkúta àti amọ̀ sí i, gbogbo ilé ni yóò sì mú èèyàn wá.

Ní ọ̀sán yẹn, ọkọ àti ìyàwó jókòó nínú yàrá ìránṣọ, aṣọ àwọn oníbàárà so rọ̀ lókè orí wọn bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́.

“Ẹ rò pé olè ni mí,” Aránṣọ sọ.

“Ìwọ náà rò pé olè ni mí.”

“Ẹ̀yin lẹ ṣèlérí omi. Ẹ̀yin lẹ kó páìpù sá. Kí ni kí n rò?”

“Èmi ti rí omi yẹn kó o tó rí i,” Bíríkìlà ní. “Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ padà síbi iṣẹ́ ni. Ilẹ̀ kàn tutù díẹ̀. Ìwọ lo mú kọ́kọ́rọ́, páìpù sì wà níbẹ̀. Mo ní ọrùn ti dùn ún tó, ó ti sú u. Mo kó páìpù lọ kí wọ́n má bàa bá a lọ́wọ́ rẹ. Mo wá padà dé, mo bá ẹ̀fọ́. Mo ní, háà, ó tilẹ̀ ti ń dáko lé e lórí.”

Ẹ̀rín pa Aránṣọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú, nígbà tó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó rí i pé ẹkún gidi ni. Inú ń bí i pé ọkùnrin yìí lè rò bẹ́ẹ̀ sí òun. Inú rẹ̀ ń dùn pé ó rò bẹ́ẹ̀, ó sì dúró níwájú gbogbo ayé gba ẹ̀bi. Ó fẹ́ gbá a létí, ó fẹ́ gbá a mọ́ra, ó jókòó síbẹ̀ kò ṣe ọ̀kankan.

Bí nǹkan ṣe padà rí nìyí. Wọ́n tẹ́ gbogbo kọ́nà kòtò. Ẹ̀yìn ilé Aránṣọ gbẹ, ẹ̀fọ́ rẹ̀ rọ, ilẹ̀ náà le padà. Omi dé òpin, Aláròyé sì tún àlùbọ́sà gbìn. Ó pẹ́ kó tó so, ṣùgbọ́n ó so, ó sì gbé agbọ̀n kan wá fún ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ láti ojú ọ̀nà títí tó fi wọlé. Àwọn ará abúlé kejì gbọ́ nípa kòtò, wọ́n wá wò ó, wọ́n ní kí Bíríkìlà wá kọ́ àwọn náà bí wọ́n ṣe ń dí odò. Iṣẹ́ ìtòsí wá tó fún un, kò lọ sọ́nà jíjìn mọ́.

Lọ́jọ́ kan kí iṣẹ́ kòtò tó parí, òun àti Aránṣọ jọ ń to òkúta sí kọ́nà tó gbẹ̀yìn. Ìyàwó ń gbé e fún un, ọkọ ń fi ọwọ́ gbá amọ̀ mọ́ ọn.

“Bàbá wọn,” Aránṣọ sọ, “ká ní lóòótọ́ ni mo jí omi yẹn, ṣé ẹ ṣì máa sọ pé ẹ̀yin ni?”

Bíríkìlà gbé òkúta náà sí àyè rẹ̀. “Èmi ò mọ̀,” ló sọ. “Ká ní èmi ni ńkọ́?”

“Èmi náà ò mọ̀.”

Bíríkìlà wò ó bóyá àwàdà ló ń ṣe. Kò dà bí àwàdà. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún gbé òkúta mìíràn fún un.